Ta Ló Da Kọnkéré Sórí Ọgbà Màmá?

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta

Ẹlẹ́jọ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì tí ò ń wà ń lọ déédéé, ṣé òtútù ọ̀hún sì ti rọ̀ díẹ̀? Mo kí ọ nítorí pé ẹni tó kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ilé kò gbọdọ̀ gbàgbé ìkíni fúnra rẹ̀. Ìkíni ti parí.

Mo ti padà sílé láti ọ̀dọ̀ àbúrò mi, níbi tí mo ti sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ojú. Ojú náà ti ń ríran dáadáa. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Mo ṣí ilẹ̀kùn kíṣíìnì kí n lọ wo àwọn tòmátì mi, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síta, ẹsẹ̀ sì balẹ̀ sórí kọnkéré. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú tuntun ló ń tàn mí jẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Ó dán, ó tutù, ó tẹ́ pẹrẹsẹ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ara ògiri.

Ebè mẹ́ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń lọ. Ata wà lórí ọ̀kan, kùkúńbà àti ilá jọ pín ìkejì, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ mẹ́tàlá sì wà lórí ìkẹta. O mọ Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, tòmátì ìyá mi, èyí tó ní ìṣẹ́po bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó sanra, tí èèyàn kì í rí rà lọ́jà kankan. Mo ti so òwú pupa mọ́ mẹ́rin tó dára jù nínú èso wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà ká wọn, torí inú wọn ni irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ wà. Òwú o, èso o, igi o, gbogbo rẹ̀ ti di ìpìlẹ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ, Bíríkìlà. Ó dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó ní àbúrò òun tó wà lókè òkun ló ní kí òun ṣe é. Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Má pè mí lórí fóònù. Mo ti ní kí ọmọbìnrin tó ń tún fóònù ṣe bá mi dí nọ́ńbà rẹ pa. Lórí fóònù, ẹ máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Lórí ìwé, wàá ka tèmi dé òpin kí o tó fèsì. Ta ló fún ọ láṣẹ? Ilé ta ni? Dáhùn.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò tíì kú.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú tuntun. Inú mi dùn pé ẹ ti ń ríran. Mo kúnlẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, torí mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ ò ní dùn mọ́ yín nínú.

Ẹ ní kí n dáhùn. Èmi ni. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n mi pé kó wá nǹkan ṣe sí ẹ̀yìnkùlé yẹn kó tó pa yín.

Ẹ̀yin lè ti gbàgbé oṣù kẹwàá tó kọjá, èmi ò gbàgbé. Ẹ ṣubú sáàárín ebè ní aago mẹ́jọ àárọ̀, aago méjì ọ̀sán ni aránṣọ tó wà ní ilé kejì tó rí yín. Wákàtí mẹ́fà nínú oòrùn, pẹ̀lú ìbàdí tó yẹ̀. Níbí, wọn kì í jẹ́ kí awakọ̀ tan fóònù nídìí ọkọ̀. Ìgbà tí mo dé ibùdókọ̀ ìkẹyìn ni mo tan tèmi, mo rí i pé wọ́n ti pè mí nígbà mọ́kànlá. Mo ro pé ẹ ti kú. Èrò bí ogójì ló ń dúró kí n ṣílẹ̀kùn fún wọn, ọwọ́ mi ò lè tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tí mo wá bá yín sọ̀rọ̀, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní ẹ kàn ń sinmi pẹ̀lú àwọn tòmátì yín ni. Ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà mọ́. Ara yín ò tíì yá tán tí aránṣọ fi sọ fún mi pé ẹ ti tún wà lórí eékún láàárín ebè. Ẹ parọ́ fún mi, Màmá.

Tòmátì ni. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ọmọ. Wọ́n ń tà á ní gbogbo ìsọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa rà á. Mi ò lè tọrọ àforíjì nítorí pé mo fẹ́ kí ẹ wà láàyè.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin

Ẹlẹ́jọ́,

Mo kí ọ. Mo dá lẹ́tà rẹ padà sínú àpòòwé yìí. Bírò pupa tí o rí lára rẹ̀, tèmi ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, ọmọ tèmi wá kọ "mo ro pé ẹ ti kú" sí mi. "Mo rò pé" ni. Bí inú bá tilẹ̀ ń bí èèyàn, kò ní kó gbàgbé àmì ohùn. Máàkì mẹ́ta nínú mẹ́wàá.

"Tòmátì ni." Mo fa ìlà méjì sábẹ́ ìyẹn. Jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ fún ọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọ́ nígbà tí bàbá rẹ kú, Bíríkìlà jẹ́ ọmọ ọdún méje. Yàrá kan ṣoṣo là ń gbé nígbà náà, kò sí ilẹ̀ tí èèyàn lè gbin nǹkan sí. Ìyá mi wá, ó gbé agolo mẹ́fà tó ti dá lu nídìí dání, ó tò wọ́n sójú fèrèsé, ó gbin Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ sínú wọn. Kò sọ fún mi pé kí n má sunkún mọ́. Ó ní, "Omi ni wọ́n ń fẹ́ láàárọ̀, má gbàgbé." Nítorí omi yẹn ni mo ṣe ń dìde. Àárọ̀ kan wà tí kò sí ohun mìíràn tó lè gbé mi kúrò lórí ibùsùn, títí kan ẹ̀yin méjèèjì. Mo ti kọ ọ́, n kò ní pa á rẹ́.

Nígbà tí ojú ìyá mi wá fọ́, ó máa ń fọwọ́ pa ewé rẹ̀, á gbé ọwọ́ sí imú, á sì sọ fún mi èwo ló ń ṣàìsàn nínú wọn. Obìnrin yẹn lo ní kí wọ́n da kọnkéré lé lórí.

Irúgbìn tó kù jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n, nínú ìgò oògùn kan tí mo tọ́jú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Mo pín in sí méjì. Mẹ́rìndínlógún rè é nínú bébà tí mo ká. Ìwọ lo pa á, ìwọ ni kí o jí i. Bó bá jẹ́ pé tòmátì lásán ni, gbìn ín kí n rí i.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹfà

Màmá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí lẹ́tà yín gbà. Mo kà á ní yàrá tí àwa awakọ̀ ti ń jẹun, mo tún un kà nínú bọ́ọ̀sì kí n tó tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ ò sọ ìyẹn fún mi rí. Mo ti lé lógójì ọdún, ẹ wá kọ ọ́ sí mi pé agolo tòmátì lè gbé yín dìde, èmi ò lè gbé yín dìde. Mo gbọ́.

Mo gbìn ín, torí ẹ rò pé mi ò lè gbìn ín. Mo ra erùpẹ̀ inú àpò, mo kó àwọn ike wàrà tó ti ṣófo jọ, mo lu ìdí wọn. Ojú fèrèsé kan ṣoṣo ni oòrùn ń dé nínú ilé mi, ní àjà kẹrin, ibẹ̀ ni mo tò wọ́n sí. Mọ́kànlá hù lọ́jọ́ kẹjọ. Mi ò ní parọ́, mo fẹ́ràn wọn. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mi ò tíì ní bọ́ bàtà tí màá fi lọ wò wọ́n. Mò ń bomi rin wọ́n láàárọ̀, mò ń bomi rin wọ́n nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo jí, mẹ́sàn-án ti dojú délẹ̀, ọrùn wọn ti rí tín-ín-rín bí òwú níbi tí wọ́n ti yọ jáde nínú ilẹ̀. Méjì ló kù. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n kàn ń fì ni.

Alábòójútó ilé tún wá kan ilẹ̀kùn mi pé omi ń jò sójú fèrèsé àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ sí mi, mo sọ̀rọ̀ sí i.

Kí ló pa wọ́n? Ìyẹn nìkan ni kí ẹ sọ fún mi. Ẹ má fi ìbínú lú u.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà

Ẹlẹ́jọ́,

Mo kí ọ. Ìwọ lo pa wọ́n. O rì wọ́n sómi. Irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù kì í mu omi lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kò ní ikùn tí yóò gbé e sí. Ti ìka bọ erùpẹ̀ dé oríkèé kìíní. Bó bá ṣì tutù, gbé ife omi rẹ sílẹ̀ kí o lọ jókòó. Ìdí ni kí o máa bu omi sí, kì í ṣe orí. Àwọn méjì tó ń fì yẹn, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri. Tún wọn gbìn sínú ike tó jìn, kí o sì rì wọ́n mọ́lẹ̀ dé abẹ́ ewé méjì òkè, torí gbogbo ibi tí erùpẹ̀ bá bò lára igi rẹ̀ ni yóò ta gbòǹgbò. Máa yí ike náà po lójoojúmọ́. Máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra wọ́n lórí jẹ́jẹ́ bí atẹ́gùn, kí ọrùn wọn lè le. Bí wọ́n bá yọ òdòdó, kò sí atẹ́gùn tàbí kòkòrò nínú ilé tí yóò bá ọ gbọ̀n wọ́n, ìwọ ni kí o máa fi ìka ta igi rẹ̀ lọ́sàn-án. Mo ti kọ́ ọ báyìí, n kò sì tíì dárí jì ọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, Bíríkìlà wa ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ dé, ó fi ẹ̀yìn wọ ẹ̀yìnkùlé mi, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọnkéré kalẹ̀ síbi tí ebè ata wà. Ó to pákó tì í. Ó to àpò símẹ́ńtì tì í. Mo bi í pé kí nìyẹn. Ó ní òjò ń pa ẹrù òun níbi tí òun ń kó o sí tẹ́lẹ̀. Mo ní ṣé ohun tí ẹ ti ń wá látọjọ́ yìí nìyẹn. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ìwọ lo ní kí ó sọ ẹ̀yìnkùlé mi di ibi ìkẹ́rùsí? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Má rojọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé torí ẹ̀ ni bàbá rẹ ṣe sọ ọ́ ní Ẹlẹ́jọ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù keje

Ẹlẹ́jọ́,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bi ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà, ó ti ń sá fún mi báyìí. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ tuntun sí géètì. Ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n rẹ wà nínú, òun wà níta. Ó ní ilé ìwòsàn kan lòun ń bá wọn kọ́ lọ́wọ́, pé àwọn òṣìṣẹ́ òun ń ká ọwọ́ gbera. Mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, ibẹ̀ ni mo ti ń hun súwẹ́tà. Títí wàá fi dáhùn, n kò ní ṣílẹ̀kùn. Mo ti sọ fún un pé kí ó má pè mí ní ìyá mọ́. Bí oṣù tó ń bọ̀ bá parí tí n kò gbọ́ nǹkan kan, kí ìwọ náà máa wa bọ́ọ̀sì rẹ lọ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ

Màmá mi,

Ẹ kú ìbínú. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí, ó ń sunkún lórí fóònù, ẹni tí kò sunkún lọ́jọ́ tí òpó irin já lù ú lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń sunkún sí. Ẹ ní kó má pè yín ní ìyá mọ́.

Ìdáhùn yín rè é: bẹ́ẹ̀ kọ́. Mi ò mọ̀ nípa ẹ̀rọ kankan. Ohun tí mo ní kó ṣe ni pé kó la ọ̀nà tóóró kan sáàárín àwọn ebè, kó da kọnkéré sí ojú ọ̀nà yẹn nìkan, kó ri irin mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ẹ ó máa dì mú, kó sì fi búlọ́ọ̀kù gbé ebè ga dé ìbàdí yín kí ẹ má baà máa bẹ̀rẹ̀. Mo yà á sórí ìwé, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó ṣe èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọjọ́ tí lẹ́tà yín àkọ́kọ́ dé ni mo tó mọ ohun tó ṣe. Mo pè é, mo bú u títí ohùn mi fi há. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó, tí mo kọ̀wé sí yín pé èmi ni.

Màmá, ẹ mọ ara yín. Bí ẹ bá lé èmi, kò sí ohun tó yí padà, mo ti wà níta tipẹ́. Bí ẹ bá lé òun, ta ni yóò gbé yín nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá tún ṣubú? Mo rò pé ìbínú yín máa rọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, torí ọ̀nà jìn. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi dákẹ́, lẹ́tà mẹ́rin ni mo kọ tí mo sì fà ya. Irọ́ mìíràn ló wà nínú ọ̀kan.

Inú ń bí mi sí Ẹ̀gbọ́n mi. Inú sì ń bí mi sí yín, torí ẹ jẹ́ kó rọrùn fún mi láti jẹ̀bi. Ẹ ò béèrè rárá pé kí ni mo ní kó ṣe. Ta ló fún mi láṣẹ lẹ béèrè.

Mo ṣe bí ẹ ṣe wí fún àwọn méjì tó kù. Ọ̀kan kán nígbà tí mò ń ti fèrèsé. Èkejì ti ga dé àyà mi. Òdòdó rẹ̀ ń jábọ́ ṣáá títí mo fi ń ta á níka lọ́sàn-án ọjọ́ tí mi ò bá lọ síṣẹ́. Èso méjì ló so. Ọ̀kan ti tóbi tó ìkúùkù mi, ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méje.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án

Ẹlẹ́jọ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì tún kí ọ lẹ́ẹ̀kejì, torí ìkíni àwọn ìgbà tó kọjá kò ti inú mi wá.

Mo ṣí géètì. Mo ní kí Bíríkìlà jókòó sórí àpò símẹ́ńtì rẹ̀, mo sì ka lẹ́tà rẹ sí i létí láti òkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti béèrè ẹni tí yóò gbé mi nílẹ̀, ó fọwọ́ bo ojú. Ó ní òun rò pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, n kò ní padà sídìí ọgbà mọ́, pé ààyè náà yóò kàn ṣòfò. Mo ní, "Mo ṣì wà láàyè, o ti ń pín ogún mi." Ó lọ gbé òòlù ńlá wá. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi fọ́ kọnkéré náà, mo sì kọ̀ kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kankan bá a fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ rẹ̀ bó. N kò fún un ní ìpara. Ní ọjọ́ kẹrin, mo fún un.

Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti kú. Ó funfun, ó le, ekòló kan kò sí níbẹ̀. Ó máa tó ọdún kan kí ó tó gba irúgbìn.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí mo ṣubú, n kò bá tòmátì kankan sinmi. Ẹ̀rù bà mí. Mo kígbe títí ohùn mi fi lọ. Orúkọ rẹ ni mò ń pè, kì í ṣe orúkọ ẹni tó wà nítòsí. Inú bí mi pé o jìnnà, inú sì tún bí mi pé ìwọ ni mo pè. Ẹ̀rín tí mo rín létí rẹ lórí fóònù, òun ni mo fi bò ó.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Mẹ́rìndínlógún tèmi kò sí mọ́. Inú korobá ni mo gbìn wọ́n sí, lórí kọnkéré yẹn. Ó gba oòrùn mọ́ra, ó sè wọ́n láti ìdí. N kò sọ fún ọ, torí n kò fẹ́ kí o mọ̀ pé ọwọ́ rẹ nìkan ló kù sí. Igi tó wà lójú fèrèsé rẹ, n kò mọ òmíràn láyé yìí. Èso tó tóbi yẹn, má jẹ ẹ́. Jẹ́ kó pọ́n títí yóò fi rọ̀. Fún irúgbìn rẹ̀ sínú ife, bu omi díẹ̀ sí i, fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta títí yóò fi máa rùn. Fọ̀ ọ́, kí o sá a sórí àwo. Má sá a sórí bébà, yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Mo tún wí, má jẹ ẹ́.

Ìyá rẹ.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹsàn-án

Màmá mi,

Ẹ kú ilé. Ọjọ́bọ̀ ni lẹ́tà yín dé. Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀ ni mo jẹ ẹ́.

Mi ò ní rojọ́. Ó pọ́n, mo kàn fọwọ́ kàn án ni, ó já sí mi lọ́wọ́. Mo dúró nídìí síǹkì, mo jẹ ẹ́ tòun tirúgbìn, omi rẹ̀ ṣàn dé ìgúnpá mi, mo wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣíìnì, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà. Ó ti ju ogún ọdún lọ tí mo ti jẹ ẹ́ kẹ́yìn. Èmi tí mo ní wọ́n ń tà á ní gbogbo ìsọ̀. Wọn kì í tà á.

Màmá, inú ń bí mi sí yín. Ẹ kọ́ mi ní omi, ẹ kọ́ mi ní ìmọ́lẹ̀, ẹ ò kọ́ mi ní irúgbìn, kí n má baà mọ̀ pé ẹ nílò mi. Èmi náà gbé òótọ́ pamọ́ fún yín láti oṣù kẹta. Èmi àtẹ̀yin, a máa ń fi ohun tó ṣe pàtàkì pamọ́ títí ẹnìkan á fi jẹ ẹ́.

Ọ̀kan ló kù. Kò tíì tó ẹyin adìẹ, àwọ̀ ewé ló ṣì ní. Òtútù ti dé síbí, fèrèsé mi ti ń dì láàárọ̀. Mo gbé igi náà lọ síbi iṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì tí mò ń wà, mo fi bẹ́líìtì dè é mọ́ ìjókòó kìíní. Yàrá àwa awakọ̀ ló wà báyìí, nítòsí ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná. Ọ̀gá wa ní kí n gbé e kúrò. Mo ṣàlàyé ohun tó jẹ́ fún un, ó ní kí n kúkú sún un mọ́ fèrèsé díẹ̀ sí i. Awakọ̀ tó ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi ló ń bá mi yí ike rẹ̀ po lọ́jọ́ tí mi ò bá sí níbẹ̀. Mo lẹ bébà mọ́ ọn, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá jẹ ẹ́, ìyá mi ni yóò bá sọ̀rọ̀.

Bó bá pọ́n, tí mo sì sá irúgbìn rẹ̀ gbẹ, ṣé kí n fi sínú àpòòwé ránṣẹ́ sí yín?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá

Ẹlẹ́jọ́,

Mo kí ọ. Mo ka lẹ́tà rẹ fún Bíríkìlà, ó rẹ́rìn-ín. Mo wò ó, ó pa ẹnu dé. Èmi kò rẹ́rìn-ín. O jẹ irúgbìn ìyá mi. Bí mo ṣe ń kọ èyí, inú ṣì ń bí mi, bírò yìí ti fẹ́ẹ̀ lu bébà.

Mo ti ní kí wọ́n ṣí nọ́ńbà rẹ. Má tíì pè mí. Mo ṣì ń wá ohun tí màá sọ.

Jẹ́ kí èyí tó kù dàgbà. Bí òtútù bá le jù kí ó tó pọ́n, ká a bẹ́ẹ̀, fi bébà wé e, fi sínú dúrọ́ọ̀, yóò pọ́n fúnra rẹ̀. Irúgbìn inú rẹ̀ máa tó ọgọ́rùn-ún. Ṣe é bí mo ṣe kọ ọ́ fún ọ.

Má fi sínú àpòòwé kankan. Inú ìbínú ni mo ti fi tèmi ránṣẹ́, o sì rí ohun tó yọrí sí. Gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Fúnra rẹ ni kí o gbé e wá, kí o wá fi ojú ara rẹ rí ohun tí ẹ ṣe sí ilẹ̀ mi, kí a lè jókòó lójúkojú, ká ja ìjà yìí tán.

Ìyá rẹ.